Ọjọ́ orí olùkọ́ ni wọ́n ń wò ni, àbí ẹni tí ó mọ̀ nínú ìgbìmọ̀?

Olùkọ́-Kẹ́mísírì kọ:

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ni ó gbé mi dé ibí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò láìfi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ẹni ọdún 52 ni mí, ọdún 26 ni mo sì ti fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì. Ilé-ìwé tí mo wà tẹ́lẹ̀ kógbá sílé ní ọdún tí ó kọjá, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń wá iṣẹ́. Lẹ́tà ìwáṣẹ́ mọ́kànlá ni mo ti kọ. Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn kò sì gbà mí níbì kankan.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó ká mi lára jù. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jókòó. Ọkùnrin tí ó wà láàárín ń ṣí ìwé mi wéréwéré títí ó fi dé ojú ewé tí ọdún tí mo jáde ní yunifásítì wà, ibẹ̀ ni ó sì dúró sí. Mo rí i tí ó ń fi àtàǹpàkò ka oríkèé ìka rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Nígbà tí ó kà á tán, ó gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ó lè bá àwọn ọmọ ìsinsìnyí sáré báyìí?" N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé eré sísá wà lára kẹ́mísírì. Wọn kò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ẹ̀kọ́ náà. Wọn kò bèèrè bí mo ṣe ń ṣe é fún ọmọ tí ìṣirò ń bà lẹ́rù, tàbí ohun tí mo máa ń ṣe lọ́jọ́ tí èròjà kò bá tó ní yàrá àyẹ̀wò. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré, wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bí mo ṣe ń jáde, mo gba ọ́fíìsì akọ̀wé kọjá. Wọ́n ti lẹ àtẹ àkókò-ẹ̀kọ́ ti sáà tí ó ń bọ̀ mọ́ ògiri. Mo wo àwọn àlàfo tí ó jẹ́ ti kẹ́mísírì, mo sì rí i pé lẹ́tà méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹnìkan ti wà nínú gbogbo wọn. Bírò ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó síta, tí ó ń dúró kí wọ́n pe òun wọlé lẹ́yìn mi, orúkọ ìnagijẹ ni akọ̀wé fi ń pè é. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé òun ni wọ́n gbà, àti pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé náà ni. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí èmi sọ pé ìrírí mi "ju ohun tí ipò yìí ń fẹ́ lọ."

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èyí: ṣé ọjọ́ orí mi ni wọ́n fi yẹ̀ mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, àbí iṣẹ́ náà ti ní ẹni tí ó ni ín kí n tó dé ẹnu ọ̀nà wọn? Àti pé ta ni ó ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kí ni ó sì ṣe sí i?

Ẹyẹ-Òwúrọ̀ kọ:

Ẹ kú ìfaradà, ẹ̀gbọ́n. Èmi rò pé méjèèjì ni, wọ́n sì máa ń rìn pọ̀ bí ìgbín àti ìkarahun rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ní ẹni wọn, wọn yóò wá ohun tí wọn yóò fi kọ àwọn yòókù. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ni, wọn á ní kò ní ìrírí. Bí ó bá jẹ́ àgbà, wọn á ní ìrírí rẹ̀ pọ̀ jù. N kò tíì rí ẹni tí ìrírí rẹ̀ ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ohun tí wọ́n fẹ́, àyàfi ọmọ ilé wọn.

Ọ̀gá-Fẹ̀yìntì kọ:

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú ń rí lẹ́yìn tábìlì, nítorí ọdún 14 ni mo fi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, owó oṣù olùkọ́ kì í dúró lójú kan. Àtẹ̀gùn ni: ọdọọdún ni olùkọ́ ń gun ìpele kan, títí yóò fi dé òkè pátápátá. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ a máa fún ọ̀gá ilé-ìwé ní iye kan pàtó láti ná, wọn kì í sì í bi í bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ tó bí wọ́n ṣe ń bi í bí owó ṣe ń lọ. Bí ipò kan bá ṣófo, tí ẹni ọdún 23 àti ẹni ọdún 52 sì wá, ẹni ọdún 52 wà ní orí àtẹ̀gùn, ẹnìkejì wà ní ìsàlẹ̀. Lójú ẹni tí ó ń ṣírò, kì í ṣe ọjọ́ orí ni ó ń kà, owó ni. Ṣùgbọ́n ibi tí owó náà bá já sí, ẹni ọdún 52 náà ni ó máa ń bá níbẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè pín wọn níyà fún un. Nínú ọ́fíìsì wa, a kì í kọ "àgbà" sínú ìwé rárá. Ohun tí a máa ń kọ ni "kò bá ilé-ìwé wa mu," tàbí "ó ní ìrírí ju ipò náà lọ," gbólóhùn kan náà tí wọ́n kọ sí yín.

Ohun kejì ni èyí tí n kò fẹ́ràn láti rántí. Ọ̀rẹ́ mi kan pè mí lórí fóònù pé ọmọbìnrin òun ti jáde, òun sì gbọ́ pé a ń wá olùkọ́. Mo gba ọmọ náà. Kò burú níṣẹ́ rárá, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà lọ́jọ́ náà tí ó jù ú lọ, ẹni ọdún 49. Nígbà tí igbákejì mi bèèrè ìdí tí a kò fi mú un, ohun tí ó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ó ti dàgbà jù fún àwọn ọmọ wa." Irọ́ gbuu ni. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò dí mi lọ́wọ́ kankan. Ìdí kan ni mo nílò tí ẹnikẹ́ni kò ní bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ orí sì ni ó wà nítòsí jù. Igbákejì mi mi orí, ó sì yí ìwé sí ojú ewé tí ó kàn. Ohun tí mo wá sọ fún ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nìyẹn: ó lè jẹ́ pé ọjọ́ orí yín kọ́ ni wọ́n kórìíra, aṣọ tí wọ́n fi bo nǹkan mìíràn ni.

Ọmọ-Titun kọ:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ẹni ọdún 25 ń dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá ti ń sọ ọ́ báyìí, ó máa ń dà bí ẹni pé àwa ọ̀dọ́ ni a ń jẹ èrè rẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí ó ṣe rí fún ẹni tí kò ní ẹnìkankan nínú ìgbìmọ̀.

Ọdún méjì ni mo fi kọ́ni ní ilé-ìwé tí ó kọ́kọ́ gbà mí. Oṣù mẹ́wàá ni ìwé àdéhùn mi máa ń jẹ́, kí wọ́n má bàa san owó ọlidé fún mi. Nígbà tí ọdún kẹta ń bọ̀, tí ó yẹ kí n gun ìpele kan lórí àtẹ̀gùn tí bàbá wa sọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ rí ìpolówó ipò mi lára pátákó ìkéde, wọ́n ní àwọn ń wá "ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ yá gágá." Ẹni ọdún 25 ni mí o. Ilé-ìwé tí kò fẹ́ san owó fún ìrírí ẹlòmíràn kò ní jẹ́ kí ìrírí tèmi náà dàgbà sí wọn lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, wọn yóò sì lò ó ní ọdún méjì bí wọ́n ṣe lò mí.

Nítorí náà, n kò gbà pé ọ̀dọ́ ni wọ́n ń gbà. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré ni wọ́n ń gbà, tàbí ẹni tí ó jẹ́ tiwọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá tí ẹ sọ yẹn, bí ó bá jẹ́ ẹni ọdún 50 ni, ṣé wọn kò ní gbà á?

Agbẹjọ́rò-Òṣìṣẹ́ kọ:

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́-Kẹ́mísírì, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe tuntun níwájú àwọn adájọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ti dá, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ yín dúró sí. Òfin ibi tí ẹ wà ni yóò sọ èyí tí ó kù.

Ní Amẹ́ríkà, òfin tí ó de agbanisíṣẹ́ láti fi ọjọ́ orí ṣe ẹ̀tanú jáde ní 1967, ẹni tí ó bá ti pé ọdún 40 sókè ni ó sì ń dáàbò bò. Ẹjọ́ tí ó jọ tiyín jù ni ti Geller àti Markham, tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ní 1980. Olùkọ́ ẹni ọdún 55 ni olùpẹ̀jọ́. Ní 1976, wọ́n gbà á síṣẹ́ ní West Hartford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi ẹni ọdún 25 rọ́pò rẹ̀. Ìlànà kan wà níbẹ̀ tí ó ní kí wọ́n máa wá olùkọ́ tuntun láàárín àwọn tí kò tíì dé ìpele kẹfà lórí àtẹ̀gùn owó oṣù. Ìlànà náà kò dárúkọ ọjọ́ orí rárá. Síbẹ̀, ilé-ẹjọ́ rí i pé ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn olùkọ́ tí ó ti lé ní ogójì ọdún ni ó ti kọ́ni ju ọdún márùn-ún lọ, tí ó fi jẹ́ pé orí àwọn àgbà ni ìlànà náà ń já lé. Wọ́n wí àwáwí pé owó ni àwọn ń tọ́jú, ilé-ẹjọ́ kò sì gbà á.

Ẹ má tíì yọ̀. Ní 1993, nínú ẹjọ́ Hazen Paper àti Biggins, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà sọ pé iye ọdún tí ènìyàn fi ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí pé ọ̀dọ́ kan lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju àgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá sọ pé "owó ni, ìrírí ni, kì í ṣe ọjọ́ orí" ti rí ibi fẹ̀yìn tì. Ní 2019 ẹ̀wẹ̀, nínú ẹjọ́ Kleber àti CareFusion, ọkùnrin ẹni ọdún 58 kan wá iṣẹ́ tí ìpolówó rẹ̀ ní kí ìrírí má kọjá ọdún méje. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan sọ pé òṣìṣẹ́ tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ lè pe irú ìlànà bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ nítorí ibi tí ó já sí, ṣùgbọ́n pé ẹni tí ó ṣì ń wá iṣẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ìdájọ́ náà burú, nítorí ẹnu ọ̀nà gan-an ni a ti ń lé àwọn ènìyàn padà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Ìlànà lórí ọjọ́ orí bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2006, wọ́n sì ti kó o pọ̀ mọ́ òfin ìdọ́gba ti 2010. Ilé-ìwé kan polówó ipò olùkọ́ pé ẹni tí ó wà ní ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ ni yóò bá a mu. Olùkọ́ ẹni ọdún 61 kan pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì jàre. Gbólóhùn kan péré nínú ìpolówó ni ó bá wọn dé ibẹ̀.

Ní Jámánì, ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ọjọ́ orí dí ọ̀nà: àwọn ìpínlẹ̀ a máa sọ ọjọ́ orí tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ kọjá kí wọ́n tó lè sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ ìjọba títí láé. Ní 2015, ilé-ẹjọ́ òfin orílẹ̀-èdè náà fagi lé gbèdéke ọdún 40 ti ìpínlẹ̀ North Rhine-Westphalia nínú ẹjọ́ tí àwọn olùkọ́ pè, nítorí pé kò sí òfin ilé aṣòfin tí ó dúró lé dáadáa. Kí ni ìpínlẹ̀ náà ṣe? Wọ́n ṣe òfin gidi, wọ́n sì fi gbèdéke náà sí ọdún 42.

Àdéhùn 111 ti ILO, àjọ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, tí wọ́n ṣe ní 1958 láti gbógun ti ẹ̀tanú lẹ́nu iṣẹ́, ka ẹ̀yà, àwọ̀, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú àti orírun. Kò ka ọjọ́ orí mọ́ wọn. Ó di 1980 kí àjọ náà tó gbé ìmọ̀ràn jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti dàgbà. Ní ti ojúsàájú, ní ọ̀pọ̀ ibi, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin kí onílé-ìwé aládàáni gba ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síṣẹ́. Ohun tí òfin lè dì mú ni ìdí tí ó fi kọ ẹ̀yin. Nítorí náà, àtẹ àkókò-ẹ̀kọ́ tí ẹ rí lára ògiri lè bà yín jẹ́ bí ẹ bá lọ síwájú adájọ́: wọn yóò ní, "A kò kọ̀ ọ́ nítorí ọjọ́ orí, a ti ní ẹni tiwa tẹ́lẹ̀." Ojúsàájú yóò wá di ohun tí wọ́n fi gbèjà ara wọn.

Ẹyẹ-Òwúrọ̀ kọ:

Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá jẹ́wọ́ pé àwọn ṣe ojúsàájú, wọ́n jàre? Ayé yìí mà ṣòro o. Àwọn àgbà tilẹ̀ ti wí pé ẹni tí ó lẹ́nìyàn nígbìmọ̀, bí ó rojọ́ ẹ̀bi, àre ni wọn yóò dá fún un. N kò mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ gan-an.

Kò-Dùn-Mọ́-Mi kọ:

Èmi yóò sọ èyí tí kò ní dùn mọ́ yín. Olórí ẹ̀ka ìṣirò ni mí, mo sì ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ agbanisíṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn kan yóò ti máa rántí pé bí ọmọdé láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àkísà kọ́ ni àwọn ọmọ wá gbà ní kíláàsì. Mo bá ẹnìkan ṣiṣẹ́ tí ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Lọ́dún tí a yí ìlànà ẹ̀kọ́ padà, ó fi bírò fa ìlà sórí ọdún tí ó wà lókè ìwé náà, ó kọ ọdún tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ìlà mẹ́rin ni mo kà lórí ìwé náà. Nígbà tí a sọ fún un, ó ní òun ti ń kọ́ni kí wọ́n tó bí wa.

Ẹ má sọ pé gbogbo ẹni tí ó bá kọ olùkọ́ àgbà ni ó ń ṣe ẹ̀tanú. Àwọn mìíràn ti ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí ni.

Olùtọ́ni kọ:

Arákùnrin wa, mo mọ irú ẹni tí ẹ ń sọ. Èmi náà ti pàdé rẹ̀. Mo tún ti pàdé ọ̀dọ́ tí ó ṣe ẹ̀dà ètò ẹ̀kọ́ ẹlòmíràn láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò tilẹ̀ rántí yọ orúkọ onínǹkan kúrò lórí rẹ̀. A kò torí ìyẹn sọ pé ẹni ọdún 24 kò gbọdọ̀ kọ́ni.

Iṣẹ́ mi ni láti máa dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, mo sì máa ń ka ohun tí àwọn olùwádìí bá kọ. Ní 2016, Tara Kini àti Anne Podolsky ti Learning Policy Institute, ilé-iṣẹ́ ìwádìí lórí ètò ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, kó ìwádìí 30 jọ lórí ìrírí olùkọ́. Wọ́n rí i pé ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ ni olùkọ́ ń yára gòkè jù, ṣùgbọ́n pé gígòkè náà kì í dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ó ń bá a lọ wọ inú ọdún kọkànlá sókè, pàápàá bí olùkọ́ bá wà níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ràn án lọ́wọ́, tí kò sì ń yí kíláàsì padà lọ́dọọdún. Nígbà náà, ẹni tí ó ń fa ìlà sórí ọdún àtijọ́ yẹn, kí ni ilé-ìwé rẹ̀ ṣe fún un láti ọdún wọ̀nyí? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni wọ́n fún un? Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tí mo dé, bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá dé, àwọn tí kò tíì pé ogójì ọdún ni wọ́n ń rán lọ, wọ́n á ní àwọn yòókù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò bú wọn pé wọn kò mọ nǹkan tuntun.

Ohun tí ó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé UNESCO, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, ti sọ ọ́ ní 2023 pé ayé ṣì nílò olùkọ́ mílíọ̀nù 44 sí i kí ó tó di 2030 kí gbogbo ọmọ tó lè parí girama. A ń pariwo pé olùkọ́ kò sí, a sì ń ka ìka lábẹ́ tábìlì.

Olùkọ́-Kẹ́mísírì kọ:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀gá-Fẹ̀yìntì, ó gba ọkàn kí ènìyàn tó lè kọ irú ohun tí ẹ kọ yẹn, n kò sì bínú sí yín. Kò-Dùn-Mọ́-Mi, bí wọ́n bá bi mí nípa ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi, èmi yóò fi hàn wọ́n. Ó wà nínú àpò mi lọ́jọ́ náà, ti sáà tí ó kọjá ni, lórí ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun. Ohun tí ó dùn mí ni pé wọn kò bèèrè. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n sì rí i pé kò dára, n kò bá ti gba kámú.

Ọmọ-Titun, ìwọ ni o sọ ohun tí n kò ronú kàn. Mo ti ń bínú sí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn nínú ọkàn mi láìmọ̀ bóyá òun náà yóò rí ọdún kẹta.

Akọ̀wé-Ìgbìmọ̀ kọ:

Mo ti bá ìgbìmọ̀ agbanisíṣẹ́ mẹ́rin ṣe akọ̀wé. Èyí tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́, pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń kọ máàkì. Lọ́jọ́ kan tí mo ń kó ìwé jọ, ọwọ́ mi kan ibi kan tí ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu nítorí rọ́bà tí wọ́n fi pa á rẹ́. Bí mo ṣe gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ iná, mo rí i pé 14 ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 19 ni wọ́n kọ lé e. Ẹnikẹ́ni kò jalè, ẹnikẹ́ni kò pariwo. Wọ́n kàn sọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí olùwáṣẹ́ jáde, ẹni tí ó ga jù nínú wọn sọ ẹni tí ó wù ú, àwọn yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún máàkì wọn ṣe kí ó lè bá tirẹ̀ mu.

Ìgbìmọ̀ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ báyìí kò gba ìyẹn. Ìbéèrè kan náà ni a ń bi gbogbo ènìyàn, a ti kọ wọ́n sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Olúkúlùkù a fi bírò kọ máàkì rẹ̀, a sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Olùwáṣẹ́ a kọ́ kíláàsì gidi fún ogún ìṣẹ́jú níwájú àwọn ọmọ gidi. Ẹni tí ó bá jẹ́ ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ olùwáṣẹ́ kan a sọ ọ́, a sì bọ́ síta. Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ jókòó sí ọ́dẹ̀dẹ̀ fún wákàtí méjì nítorí ọmọ àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ọmọ náà kò rí iṣẹ́ náà gbà. N kò mọ bí ilé ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kì í ṣe àbá lásán ni èyí. Àwọn olùwádìí méjì, Schmidt àti Hunter, tí wọ́n kó ìwádìí ọdún 85 jọ ní 1998, rí i pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ó ní ètò ń sọ bí òṣìṣẹ́ yóò ṣe ṣe dáadáa sí ju èyí tí a kàn ń sọ ohun tí ó bá wá sí ẹnu lọ. Wọ́n tún rí i pé iye ọdún tí ènìyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́ nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan púpọ̀, èyí sì kan ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹ má fi ọdún 26 nìkan síwájú ìgbìmọ̀. Ẹ fi ohun tí ẹ fi ọdún náà ṣe síwájú wọn.

Adelé-Olùkọ́ kọ:

Ṣé ẹ ó pe tèmi ní ojúsàájú? Ọdún méjì ni mo ti ń dúró fún olùkọ́ tí ó ń ṣàìsàn. Àwọn ọmọ mọ̀ mí, àwọn òbí mọ̀ mí, ẹni ọdún 44 sì ni mí. Wọ́n ti polówó ipò náà báyìí, ọ̀gá sì ti sọ fún mi pé kí n fọkàn balẹ̀. Ara mi kò balẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan gbé ọkọ̀ wá láti ibi jíjìn fún iṣẹ́ tí wọ́n ti fi fún mi.

Ọ̀gá-Fẹ̀yìntì kọ:

Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí wọ́n ti rí iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún méjì yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n mọ baba rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ó yẹ, kí wọ́n fún yín níṣẹ́ ní gbangba, kí wọ́n má polówó rẹ̀ rárá, bí ìlànà wọn bá gbà á. Èyí tí ó burú ni kí wọ́n pe ènìyàn mẹ́fà wá wọ aṣọ kóòtù, wá la òógùn, kí ìwé lè pé. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé kí ó jẹ́ kí ẹ̀yin náà kọ́ kíláàsì níwájú ìgbìmọ̀ bí àwọn yòókù. Bí ẹ bá gbà á, ẹ gbà á pẹ̀lú máàkì yín.

Olùkọ́-Kẹ́mísírì kọ:

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá, mo sì ní ìròyìn. Lẹ́yìn tí mo ka ohun tí Akọ̀wé-Ìgbìmọ̀ sọ nípa máàkì, mo kọ lẹ́tà sí ilé-ìwé tí ó kọ̀ mí, mo bèèrè máàkì mi. Wọn kò dáhùn.

Ṣùgbọ́n ilé-ìwé kejì pè mí, wọ́n sì ní kí n kọ́ kíláàsì. Ọtí kíkan àti ẹfun ni mo lò láti fi ṣàlàyé bí ásíìdì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ kan tí ó sun orí lé tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dìde nígbà tí ẹfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó ní kí n tún un ṣe. Wọn kò gbà mí. Nígbà tí mo bèèrè máàkì, akọ̀wé wọn fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nínú ímeèlì. Ènìyàn márùn-ún ni ó wà lórí ìwé náà, wọ́n ti fi dúdú bo orúkọ àwọn mẹ́rin yòókù. Nínú kíkọ́ kíláàsì, èmi ni mo gba máàkì tí ó ga jù lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n jókòó nínú ìgbìmọ̀ wọn. Nínú apá tí wọ́n pè ní "ìbáramu," èmi ni mo gbẹ́yìn. Ẹnìkan sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé: "Ó mọ̀ ọ́n kọ́. Ọdún mélòó ni ó kù fún un?"

Agbẹjọ́rò-Òṣìṣẹ́, kí ni kí n ṣe sí ìwé yìí?

Agbẹjọ́rò-Òṣìṣẹ́ kọ:

Ẹ má dá ímeèlì náà padà, ẹ má fi ìbínú fèsì, ẹ má sì gbé àwòrán rẹ̀ síta fún gbogbo ayé. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó wá bá mi ni ó máa ń ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, bí mo bá fojú bù ú. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó dé sílẹ̀, kí ẹ sì wá àjọ òṣìṣẹ́ tàbí amòfin ní àdúgbò yín kíákíá, nítorí àsìkò ẹ̀sùn kì í gùn. Ní Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, ọjọ́ 180 ni ènìyàn ní láti fi ẹjọ́ sun àjọ tí ó ń bójú tó o, ó lè di 300 ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ní àjọ tiwọn. Ibòmíràn kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ yín ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rí ìwé náà.

Olùkọ́-Kẹ́mísírì kọ:

Ọjọ́ 19 ti lọ nínú rẹ̀ nìyẹn. Mo ti tẹ ìwé náà sórí bébà, ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ mi. Àjọ òṣìṣẹ́ ti ní kí n wá ní ọjọ́ Ajé ní aago mẹ́wàá. Màá gbé ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi dání pẹ̀lú, bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan yóò bèèrè rẹ̀ níkẹyìn.